Àjàyí, Sámúẹ́lì, Crowther: Orúkọ Mẹ́ta Lórí Ọkùnrin Kan



Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti sọ, ṣùgbọ́n ó ti di ohun àríyànjiyàn láàárín wa ní etí òkun yìí, láti Igbókọ̀dá títí dé Ugbonla àti Màhìn. Bí àwọn òbí bá gbé ọmọ wá fún ìsàmì, àwọn kan nínú wọn a máa bẹ̀rù pé bí ọmọ náà kò bá ní orúkọ òyìnbó tàbí orúkọ inú Bíbélì, ìsàmì rẹ̀ kò pé. Àwọn mìíràn ka orúkọ tí baba ńlá wọn jẹ́ sí ohun ìtìjú, wọ́n a sì lọ sí kọ́ọ̀tù láti yí i padà. Ẹgbẹ́ kẹta sì wà, tí wọ́n ń fẹ́ kí a kó gbogbo orúkọ òkèèrè dà sínú omi. Kàkà kí a máa bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó sàn kí a gbé ìgbésí ayé ẹnìkan yẹ̀ wò, ẹni tí gbogbo wa ń pe orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì fi ara balẹ̀ ro orúkọ náà. Ẹni náà ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Orúkọ mẹ́ta ni ó rù, láti ibi mẹ́ta ni wọ́n sì ti wá bá a: ọ̀kan láti inú oyún, ọ̀kan láti inú Ìwé Mímọ́, àti ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ àlejò.

Ní àyíká ọdún 1809 ni a bí i ní ìlú Òṣoògùn, ní apá Òkè-Ògùn, ní ilẹ̀ Yorùbá. Àfàlà ni orúkọ ìyá rẹ̀. Nígbà tí a bí i, ojú rẹ̀ ni ó fi kọ́kọ́ kan ilẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tí ó ní láti ronú orúkọ tí wọn yóò pè é. Gbogbo ọmọ tí ó bá dojú bolẹ̀ wá sí ayé, Àjàyí ni. Orúkọ àmútọ̀runwá ni. Ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni Táyé àti Kẹ́hìndé fi jẹ́ orúkọ ìbejì, tí Ìdòwú sì jẹ́ orúkọ ẹni tí ó tẹ̀lé wọn, àti Àlàbá ẹni tí ó tẹ̀lé Ìdòwú. Ìgè ni ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ wá. Òjó ni ọmọkùnrin tí ìwọ́ rẹ̀ wé mọ́ ọn lọ́rùn. Dàda ni ẹni tí irun orí rẹ̀ ta kókó. Baba kò yan orúkọ wọ̀nyí, ìyá kò yan án. Ọmọ ni ó gbé e wá, àwọn òbí sì gbà á.

Ẹ̀yìn àmútọ̀runwá ni orúkọ àbísọ wà, èyí tí àwọn òbí ń wo ipò ilé, ayọ̀ tàbí ìbànújẹ́ wọn, kí wọn tó sọ. Babátúndé ń wí fún wa pé baba àgbà ti kú kí a tó bí ọmọ náà. Abíọ́nà pé ìrìn àjò ni ìyá wà. Abíọ́dún pé àkókò ọdún ni. Oríkì, irú bí Àjàní, Àjàmú, Àṣàkẹ́ tàbí Àbẹ̀kẹ́, sì wà fún ìkẹ́ àti ìwúrí. Orúkọ ilé pẹ̀lú a máa fi iṣẹ́ àti ìsìn ìdílé hàn: ilé ọdẹ a máa fi Ọdẹ́ bẹ̀rẹ̀ orúkọ, ilé alágbẹ̀dẹ a fi Ògún, ilé onílù a fi Àyàn. Bí àlejò bá mọ etí í gbọ́, orúkọ ọmọ kan ṣoṣo tó láti sọ ìtàn ilé kan fún un. Ṣùgbọ́n orúkọ baba tí a so mọ́ gbogbo ọmọ, tí ó ń ti ìran dé ìran láì yí padà, kò sí láàárín àwọn baba wa nígbà náà.

Ní ọdún 1821, nígbà tí Àjàyí wà ní ọmọ bí ọdún méjìlá, ogun dé bá Òṣoògùn. A jó ìlú náà, a sì fi okùn so àwọn obìnrin àti ọmọdé lọ́rùn, a kó wọn lọ. Wọ́n kọ́kọ́ fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn, a dá ọmọ náà padà bí ẹni ń dá ọjà padà. A yà á nípa kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Láti ọwọ́ ẹnìkan dé ọwọ́ ẹlòmíràn ni a ń tà á, a tilẹ̀ fi tábà àti ọtí rà á, títí ó fi dé Èkó. Ẹ kíyèsí i pé nínú gbogbo ọjà wọ̀nyí, kò sí ẹni tí ó bèèrè orúkọ rẹ̀. Ẹrú ní iye, kò ní orúkọ.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, a kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí kan tí à ń pè ní Esperança Feliz, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Ìrètí Ayọ̀. Orúkọ rere ni a fún ọkọ̀ tí ń ru ìbànújẹ́. Omi òkun tí ó gbé ọkọ̀ náà ni èyí tí ń lu etí ilé wa ní ilẹ̀ Ìlàjẹ lónìí. Ọkọ̀ ogun òyìnbó tí à ń pè ní Myrmidon, tí ọ̀gágun Henry Leeke jẹ́ olórí rẹ̀, mú ọkọ̀ ẹrú náà, ó sì gba àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni Àjàyí gúnlẹ̀ sí Freetown, ní ilẹ̀ Sàró.

Freetown ní ìgbà náà jẹ́ ìlú tí a ti ń sọ ènìyàn lórúkọ tuntun lójoojúmọ́. Àwọn tí a gbà sílẹ̀ níbẹ̀ wá láti oríṣiríṣi ilẹ̀, ìjọba àti àwọn míṣọ́nnárì sì ní láti kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Akú ni a ń pe gbogbo àwọn tí ń sọ èdè wa, nítorí pé ìkíni wọn kì í yé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ kú: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu. Ní ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ gba orúkọ gómìnà, tàbí ti àlùfáà tí ó kọ́ wọn, tàbí ti àwọn onínúure ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń fi owó ran iṣẹ́ míṣọ́nnárì lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ Johnson, Macaulay, Davies, Cole àti Williams tí ó wà ní Èkó àti Abẹ́òkúta ti ṣẹ̀. Òmíràn nínú wọn jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, òmíràn ọmọ Ẹ̀gbá, òmíràn ọmọ Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò lè sọ ọ́.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825, Àlùfáà John Raban ṣe ìsàmì fún Àjàyí. Orúkọ tí ó gbà ni ti àlùfáà kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, Samuel Crowther, tí ń ṣe àkóso ìjọ Christ Church ní Newgate Street, tí ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ C.M.S. Àṣà ìgbà náà ni, ìmoore sì ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ìtumọ̀ ohun tí a gbé wọ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí lọ́rùn. Sámúẹ́lì jẹ́ orúkọ àbísọ pátápátá, gẹ́gẹ́ bí àbísọ tiwa. Hánà tí ó yàgàn ni ó bẹ Olúwa fún ọmọ, nígbà tí ó sì bí i, ó sọ ọ́ ní orúkọ tí yóò máa rán an létí pé ọwọ́ Olúwa ni òun ti tọrọ rẹ̀. Bí a bá bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ilé Yorùbá, Olúgbọ́hùn ni a bá pè é.

Ní ti Crowther, orúkọ iṣẹ́ ni. Ní ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ohun èlò orin olókùn kan wà tí a ń fi ọ̀pá fà, tí ó jọ gòjé. Ẹni tí ó bá ń ta á ni wọ́n ń pè ní Crowther. Nígbà tí ó yá, orúkọ iṣẹ́ di orúkọ ilé, àwọn ọmọ tí kò fọwọ́ kan gòjé rí sì ń jẹ́ ẹ. Kí ni èyí bí kò ṣe ohun tí ilé Àyàn ń ṣe pẹ̀lú ìlù? Àwa tí a rò pé orúkọ òyìnbó mọ́ ju tiwa lọ, ẹ jẹ́ kí a gbọ́: onígòjé ni Crowther. Kò sí ohun ìtìjú nínú rẹ̀. Kò sì sí ohun ìtìjú nínú Àyàn.

Samuel Crowther kàwé ní Islington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà díẹ̀ ní 1826, ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay tí a dá sílẹ̀ ní 1827. Ó gbé ọmọbìnrin kan níyàwó tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú bí tirẹ̀. Asano ni a ń pè é tẹ́lẹ̀. Susan Thompson ni a kọ sínú ìwé ìjọ. Àwọn ọmọ wọn jẹ́ orúkọ tí ó fi ibi tí àwọn òbí wọn dé hàn. Abigail jẹ́ ọ̀kan, èyí tí ó túmọ̀ sí ayọ̀ baba. Ọmọkùnrin wọn tí ó wá di Áṣídíákónì ní Ìsàlẹ̀ Ọya ń jẹ́ Dandeson Coates Crowther, nítorí pé Dandeson Coates ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ C.M.S. nígbà náà. Abigail ni aya Thomas Babington Macaulay tí ó dá C.M.S. Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Orúkọ òǹkọ̀tàn ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọkùnrin yìí ń jẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni baba rẹ̀. Ọmọ wọn, Herbert Macaulay, tí a bí ní 1864, ni gbogbo Nàìjíríà mọ̀ nínú ọ̀ràn ìṣèlú. A ń pe òun náà ní Ọláyínká.

Ní 1841 Crowther bá àwọn òyìnbó lọ sí Odò Ọya. Ní 1843 a yàn án ní díákónì àti àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún náà gan-an ni a sì tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá tí ó kọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1845 ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ó sì dé Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846. Níbẹ̀ ni ohun kan ti ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú orúkọ ilé rẹ̀ ronú sí. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, Àfàlà wá bá ọmọ rẹ̀. Ọdún márùn-dín-lọ́gbọ̀n ni wọn kò ti fojú kan ara wọn. Omijé ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n di ara wọn mú, wọn kò sì lè fọhùn. Òyìnbó mọ Samuel Crowther, ìwé ìjọ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kì í ṣe èyí tí ìyá yìí gbé sọ́kàn láti ọdún 1821. Àjàyí ni ó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, Àjàyí ni ó sì tún rí.

Ní oṣù kejì ọdún 1848 a ṣe ìsàmì fún Àfàlà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà. Ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì ni Hánà. Ìyá Sámúẹ́lì ti Òṣoògùn náà sì di Hánà. Ilé ni wọ́n wò kí wọn tó sọ ìyá náà lórúkọ. Orúkọ àjèjì ni, ṣùgbọ́n a fi ọgbọ́n Yorùbá yàn án, nítorí náà ó bá a mu bí ẹ̀wù tí a rán mọ́ni lára.

Iṣẹ́ orúkọ kan sì tún wà tí Crowther ṣe, èyí tí gbogbo wa ń jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí Thomas King ń túmọ̀ Bíbélì, wọ́n ní láti pinnu orúkọ tí a óò máa pe Ẹni tí ó dá ayé. Wọn kò mú orúkọ wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọlọ́run tí àwọn baba wa ti ń pè kí míṣọ́nnárì tó dé, òun ni wọ́n kọ sílẹ̀, pẹ̀lú Olódùmarè àti Olúwa. Wọ́n lo àlùfáà, wòlíì àti àdúrà, èyí tí ó ti wà lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa. Orúkọ Yorùbá pàápàá, èyí tí ó ti jẹ́ ti àwọn ará Ọ̀yọ́ nìkan tẹ́lẹ̀, di orúkọ gbogbo wa nípa ìwé àwọn míṣọ́nnárì, tí ìwé Crowther jẹ́ aṣáájú nínú wọn. Ní 1850 ni ìwé Róòmù jáde. Ní 1884 ni iṣẹ́ gbogbo Bíbélì parí. Bí èdè wa bá tó fún orúkọ Ọlọ́run, báwo ni kò ṣe ní tó fún orúkọ ọmọ wa?

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, a fi Crowther joyè Bíṣọ́ọ̀bù ní Kátídrà Canterbury, ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ Áfíríkà tí a fún ní oyè náà nínú Ìjọ Áńgílíkà. S. A. Crowther ni ó ń fọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí Bíṣọ́ọ̀bù, A náà sì dúró fún Àjàyí. Ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ ní Òṣoògùn kò sọ orúkọ tí ó gbé tọ̀run wá nù. Ó gbé e jókòó sí àárín orúkọ méjèèjì tí ó gbà lọ́nà.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ní ìbànújẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó dé sí Odò Ọya pẹ̀lú ìfura sí àwọn òṣìṣẹ́ dúdú, ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ní Onitsha, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀, ó sì fi ipò rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Orúkọ òyìnbó tí ó ti jẹ́ fún ọdún márùn-dín-láàádọ́rin kò dáàbò bò ó ní ọjọ́ náà. Ó sùn nínú Olúwa ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Òyìnbó ni a fi rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2014, nígbà tí oyè rẹ̀ pé àádọ́jọ ọdún, ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà wáyé ní Kátídrà Canterbury kan náà nítorí ohun tí a ṣe sí i.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ọ̀ràn orúkọ gbóná ní Èkó. David Brown Vincent, ọmọ òṣìṣẹ́ C.M.S. tí ó ti di oníwàásù Onítẹ̀bọmi, fi orúkọ náà sílẹ̀ ní 1894, ó di Mojọlá Agbebi. James Johnson, tí òun náà di Bíṣọ́ọ̀bù, ń tẹnu mọ́ ọn pé kí a máa fi orúkọ ilẹ̀ wa ṣe ìsàmì fún ọmọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò pa tirẹ̀ dà. Ní ọjọ́ kan náà, 29 oṣù kẹfà ọdún 1893, ni a fi ọmọ Yorùbá méjì joyè igbákejì Bíṣọ́ọ̀bù: Charles Phillips, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Òǹdó láti 1877, àti Isaac Olúwọlé. Ọ̀kan jẹ́ orúkọ tí ó wá láti Sàró, èkejì jẹ́ orúkọ tí ó ti ẹnu Yorùbá wá. Pẹpẹ kan náà gba àwọn méjèèjì. Àlùfáà Samuel Johnson, tí kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan nínú orúkọ rẹ̀, ni ó kọ ẹ̀kọ́ nípa orúkọ Yorùbá sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn tí ó ti kú.

Ẹ̀yin òbí ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, kí ni a rí kọ́? Èkíní, ìsàmì kò bèèrè ilẹ̀ tí orúkọ ti wá. Ó ń bèèrè ọmọ náà. Ayọ̀délé tàbí Olúwọlé tó láti dúró fúnra rẹ̀ níwájú pẹpẹ. Èkejì, bí ẹ bá fẹ́ràn orúkọ inú Bíbélì, ẹ kọ́kọ́ mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wo ilé yín mọ́ ọn, bí a ti ṣe fún Hánà. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe kánjú láti gé orúkọ ìdílé. Lẹ́yìn tí ilé ìwé àti ìwé ìjọ ti sọ orúkọ baba di orúkọ gbogbo ọmọ, orúkọ náà ni ó kù tí a fi ń mọ ara wa nílé àti lẹ́yìn odi. Bí ẹ̀gbọ́n bá ń jẹ́ Ògún síbẹ̀, tí àbúrò sọ tirẹ̀ di Olú, tí ẹ̀kẹta sì kọ Jésù sí i, àwọn ọmọ wọn lè jókòó nínú kíláàsì kan ní Èkó, kí wọn má mọ̀ pé ọmọ ìyá ni baba wọn. Ohun tí ọjà ẹrú fi ipá ṣe fún àwọn ará Òṣoògùn, kò yẹ kí àwa fi ọwọ́ ara wa ṣe é.

Ẹ̀yin olùkọ́ pẹ̀lú, ọwọ́ yín ni kálàmù wà. Ẹ kọ orúkọ ọmọ gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń pè é, kí ẹ fi àmì sí i, kí ẹ má sì gé e kúrú nítorí pé ó gùn. Ẹ rán àwọn ọmọ lọ sí ilé kí wọn bi àwọn àgbà léèrè ìdí tí a fi sọ wọ́n bẹ́ẹ̀, kí wọn sì kọ ìdáhùn náà sínú ìwé wọn. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń dàgbà, omi òkun sì ti ń gbé ilé àti ibojì àwọn baba wa lọ ní etíkun yìí. Orúkọ ni ohun ìní tí omi kò lè gbé lọ, àfi bí àwa fúnra wa bá jù ú sí i.

Kí Olúwa, ẹni tí ó ń pe olúkúlùkù àgùntàn rẹ̀ ní orúkọ, fún wa ní ọgbọ́n láti pe àwọn ọmọ wa ní orúkọ rere. Àmín.